Ẹ Fi Yorùbá Dán Ímeèlì Yín Wò

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, n kò sì ní fi bò. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa bá fẹ́ mọ̀ bóyá ímeèlì wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa, "test" ni wọn yóò kọ ránṣẹ́. Bí ó bá ti dé, wọn á ní kò séwu. Irọ́ ni! Ìyẹn kò dán nǹkan kan wò fún èdè wa.

Láyé àtijọ́, bí ènìyàn bá fi owó ẹyọ mẹ́fà pa àrokò sí ẹni tí ó wù ú, ohun tí ó ń wí ni pé ọkàn òun fà sí i. Bí ìránṣẹ́ bá sọ ẹyọ kan nù lọ́nà, ṣé a lè ní ó jíṣẹ́, nítorí pé ó dé ilé tí a rán an? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ímeèlì tí ó dé láìsí àmì.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ọkọ̀ mi ti bàjẹ́." Àmì ìbéèrè ni ó kún inú ìwé náà. Mo bá tún un kọ láìfi àmì kankan sí i. Kíá ni ó pè mí: "Àbúrò mi, kí ni ọkọ rẹ ṣe?" Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé òye yóò ti ibi tí a bá ọ̀rọ̀ yọ, ẹ gbọ́ o!

Lóòótọ́, ẹ̀rọ jẹ̀bi nígbà kan. Ìlànà SMTP ti ọdún 1982 kò gbà ju àmì 128 ti ASCII lọ. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 1992 ni MIME àti UTF-8 ti dé. Àwáwí ti tán.

Nítorí náà, ẹ kọ "ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀" sí àkọlé àti sí inú ìwé. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì yín mìíràn ní ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà àti lórí fóònù, kí ẹ sì fèsì, kí ẹ wo èyí tí ó padà wá. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn, nítorí ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀rí. Bí ẹ bá rí àpótí òfìfo, fọ́ǹtì ni kò sábà ní lẹ́tà náà. Bí ó bá jẹ́ àmì ìbéèrè, lẹ́tà ti sọnù lọ́nà nìyẹn. Ẹ fi ẹjọ́ sun àwọn tí ó ni ímeèlì náà. Ẹ má ṣe bọ́ àmì lára Yorùbá.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù. Àwa ni a rán ímeèlì níṣẹ́. Kí ló dé tí àwa ń bẹ̀rù rẹ̀?