Kọ̀ǹpútà tó ń wọ́ bí ìgbín, epo jẹnẹrétọ̀ ló ń jẹ

Ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá, ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ilẹ̀ Nàìjíríà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí ti orílẹ̀-èdè Benin tó bẹ̀rẹ̀, owó ni ìṣẹ́jú jẹ́ fún ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun. Bí iná ìjọba bá ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ló kù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, nígbà tí ẹnubodè wà ní títì, àwọn aṣọ́bodè pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe gbé epo lọ sí iléepo kankan tí kò jìnnà sí ẹnubodè tó kìlómítà 20. Nígbà tó di ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan tí kò tó N200 fò kọjá N480. Kọ̀ǹpútà tó bá wá ń lo ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó jí lórí irú epo bẹ́ẹ̀, olè ni.

Ọ̀pọ̀ òbí tó ta gaàrí kí ọmọ tó wà ní iléèwé gbogboniṣe Ìlaró lè ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ní kó tún ra òmíràn, torí pé ti àkọ́kọ́ ti ń falẹ̀. Tòkúnbọ̀ náà ni wọn yóò sì tún rà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Lọ́pọ̀ ìgbà, hard disk ló ń fà á. Àwo pẹlẹbẹ kan ló ń yí bíríbírí nínú rẹ̀, nígbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká, tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń wá nǹkan kiri lórí rẹ̀. Àwọn tó lo giramafóònù rí yóò mọ ohun tí à ń wí. IBM ló gbé irú rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1956. SSD kò ní àwo, kò ní abẹ́rẹ́. Ẹrù tí hard disk fi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún gbé, SSD lè gbé e láàárín ẹyọ kan.

Ṣùgbọ́n ríra rẹ̀ gba ọgbọ́n. Èyí tí wọ́n ń pè ní NVMe, tó rí bí igi ṣingọ́ọ̀mù, ló yára jù, àmọ́ ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ àtijọ́ kò ní ihò tí wọn yóò kì í bọ̀. SATA, tó rí bí àpótí pẹlẹbẹ, ló bá wọn mu. Kí wọ́n tú kọ̀ǹpútà wò kí wọ́n tó wọkọ̀ lọ sí Computer Village n'Íkẹjà. 256GB tó fún ìwé títẹ̀ àti iṣẹ́ iléèwé. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ ta 2TB fún ní owó pọ́ọ́kú, kó sá: nọ́ńbà ni wọ́n kọ sí i lára, bí ẹrù bá ti kọjá ohun tó lè gbà, fáìlì yóò pòórá. Wọ́n ń ṣe ayédèrú Samsung àti Kingston pàápàá, nítorí náà rìsíìtì àti ọlọ́jà tó gbà láti pààrọ̀ rẹ̀ ṣe kókó ju orúkọ lọ.

SSD kò wo gbogbo àrùn. Kò lè sọ RAM 2GB di 8GB, bẹ́ẹ̀ ni kò lè jí Windows 10 tí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró ní October 14, 2025. Hard disk sábà máa ń pariwo kó tó kú. SSD lè kú láìdágbére. Nítorí náà, kí wọ́n má ta hard disk tí wọ́n yọ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Tí ara rẹ̀ bá ṣì le, kí wọ́n ra ilé USB fún un, kí wọ́n máa da ẹ̀dà iṣẹ́ sí i lọ́ṣọ̀ọ̀sẹ̀. Ìwé àwọn oníbàárà ṣì wà nínú rẹ̀.