Wáyà Tí Kì Í Fi Iná Ṣòfò

Ẹ fọwọ́ kan wáyà jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé fìrísà ẹlẹ́ja l'Aradagun, lágbègbè Àgbádárìgì, ẹ ó bá a ní gbígbóná. Iná tó ṣòfò nìyẹn. Lọ́dún 1911, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Kamerlingh Onnes rí i ní Netherlands pé bí mákúrì, irin olómi kan, bá tutù dé nǹkan bí 269 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, iná ń gba inú rẹ̀ kọjá láìṣòfò.

Lọ́dún 1956, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Glover àti Tinkham ní Amẹ́ríkà tan ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú kì í rí, gba inú òjé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tutù bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí agbára rẹ̀ kéré kò lè já ìdè tó so àwọn elẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń gbé iná pọ̀, èyí tó ń jẹ́ kí iná kọjá láìṣòfò; èyí tó lágbára tó ló já a. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi!

Wáyà tí kì í fi iná ṣòfò ti wà nínú ẹ̀rọ MRI tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n kò tíì sí èyí tó lè ṣiṣẹ́ nínú ooru Àgbádárìgì. Títí a ó fi rí i, kí ìjọba kọ́kọ́ tún wáyà orí òpó wa ṣe.