Ẹjọ́ Tí A Gbọ́ Ní Apá Kan

Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ Olúwa wa, bóyá ni ọ̀kan wà tí àwọn ará ìlú máa ń tètè rántí tó ìkìlọ̀ tí ó wà ní Mátíù orí 7, pé kí a má ṣe dá ọmọnìkejì wa lẹ́jọ́. Oníṣòwò tí a bá kọ́ńgò tí a tẹ ìdí rẹ̀ wọnú lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ké e jáde. Akápò ẹgbẹ́ tí kò lè ṣírò owó tí a fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ kò sì ní ṣàì mọ̀ ọ́n sórí. Àwa kò gbà pé nítorí irú àwọn wọ̀nyí ni a ṣe sọ ọ̀rọ̀ náà. Nínú orí kan náà ni Jésù ti wí pé kí a ṣọ́ra fún àwọn wòlíì èké, àti pé èso wọn ni a ó fi mọ̀ wọ́n. Ohun tí a kọ̀ fún wa, lójú tiwa, ni kí ẹni tí ìtì igi wà ní ojú rẹ̀ gorí àga onídàájọ́, kí ó sì dájọ́ láìgbọ́ tẹnu ẹni tí a fi sùn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń fẹ́ mọ ohun tí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ lè bàjẹ́, kí ó wo ohun tí a ṣe sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ọmọ Òṣogùn ni. A kó o lẹ́rú ní 1821. Ní 1864 a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà gbé dé irú ipò bẹ́ẹ̀. Òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, ìkìlọ̀ tí à ń sọ yìí sì wà nínú rẹ̀. Ní August 1890, ìgbìmọ̀ owó ti iṣẹ́ C.M.S. ní Odò Ọya jókòó ní Onítsha. Àwọn òyìnbó ọ̀dọ́ tí kò tíì pẹ́ ní odò náà, tí Graham Wilmot Brooke, ẹni bí 25 ọdún, wà lára wọn, fi ẹ̀sùn kan àwọn òjíṣẹ́ adúláwọ̀ lọ́tùn-ún lósì; a dá púpọ̀ nínú wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́, títí kan Dandeson, Áṣídíákónì, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù tìkára rẹ̀. Àwọn tí ó fi sùn náà ni ó dájọ́. Arúgbó tí ó ti tó 80 ọdún náà fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 31 December 1891, òyìnbó ni a sì fi rọ́pò rẹ̀.

A kò wí pé gbogbo àwọn òjíṣẹ́ náà ni ọwọ́ wọ́n mọ́. Àwọn kan ti jẹ̀bi tòótọ́ ṣáájú ìgbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó dájọ́ kì í ṣe ènìyànkénìyàn. Brooke àti Robinson, ẹnìkejì rẹ̀, kọ ìrọ̀rùn sílẹ̀, wọ́n wọ aṣọ bí ti Haúsá, àwọn méjèèjì sì kú sẹ́nu iṣẹ́ náà kí ọdún méjì tó pé. Ìtara wọn gan-an ni ìtì igi ojú wọn. Ní ọjọ́ 29 June 2014, ní Canterbury kan náà, a ṣe ìsìn ọpẹ́ àti ìrònúpìwàdà nítorí Crowther, Ààrẹ Bíṣọ́ọ̀bù Justin Welby sì tọrọ ìdáríjì nítorí ìyà tí a fi jẹ ẹ́. Ó gba ọdún 124.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ṣé àwọn òyìnbó nìkan ni ó mọ irú ẹjọ́ yìí í dá? Bí opó kan bá ra mọ́tò lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti mọ ẹni tí ó rà á fún un. Bí àlùfáà bá kọ́ ilé, a kì í bèèrè ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń tà. Ìgbìmọ̀ ìjọ a sì jókòó, a kà lẹ́tà tí kò ní orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, a yọ ènìyàn kúrò nínú oúnjẹ Olúwa, ẹni náà a sì gbọ́ ọ lọ́jà. Àwọn baba wa tí kò tíì rí Bíbélì ti wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nikodémù náà bi àwọn Farisí bí òfin wọn ha ń dá ènìyàn lẹ́bi kí ó tó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ọ̀nà tí Olúwa là sílẹ̀ ní Mátíù orí 18 kò sì ṣòro: kí o kọ́kọ́ tọ arákùnrin rẹ lọ, ìwọ àti òun nìkan, bí kò bá gbọ́, kí o mú ẹnìkan tàbí méjì lọ, lẹ́yìn náà ni ti ìjọ.

Nítorí náà a rọ àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ ìlú wa pé, bí ẹ̀sùn bá dé iwájú wọn, kí akọ̀wé kọ orúkọ olùfisùn sínú ìwé kí ó tó kọ ti ẹni tí a fi sùn, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ọjọ́ wo ni ó ti lọ bá a nílé.