Ọmọ Tí Kò Kọjá Òkun

Ẹ̀yin olóyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ilé wa, ọ̀rọ̀ kan ń rìn káàkiri láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà tí a kò lè dákẹ́ sí mọ́: pé ọmọ tí kò bá kàwé ní òkè òkun kò tíì mọ ayé. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni baba fi ń ta ilẹ̀, tí ìyá sì ń jẹ gbèsè. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí a ti tú owó náírà sílẹ̀ lọ́jà, ìnáwó náà ti di òkè tí púpọ̀ nínú wa kò lè gùn. Ǹjẹ́ kí a wá pe àwọn ọmọ tí ó wà ní Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá ní òpè bí? Rárá o.

Àwọn tí ń bá wa jiyàn a máa pòwe pé ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n oko ẹlòmíràn kò jìnnà sí wa. Ní Àkókó níhìn-ín, ará Àrìgìdì, ará Àúga àti ará Àkùnnù, olúkúlùkù ní èdè tirẹ̀ tí ẹnìkejì kò gbọ́. Ọmọ tí ó bá kọ́ láti tẹ́tí sí aládùúgbò tí ahọ́n rẹ̀ yàtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ayé.

Ẹ wo Badagry. Nígbà kan rí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Faransé a máa lọ lo ọdún kan ní ilẹ̀ tí a ti ń sọ ọ́. Nígbà tí owó rẹ̀ kọjá agbára, ìjọba àpapọ̀ dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjárá ní 1991, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè máa gbé inú èdè náà lórí ilẹ̀ baba rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Chinua Achebe gba oyè yunifásítì tirẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1953. Ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1958 sì ti di kíkà ní èdè tí ó lé ní 50.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni má rìnrìn àjò. Kí a má fi ìrìn àjò ṣe òṣùwọ̀n ọgbọ́n ni a wí. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè: kí akẹ́kọ̀ọ́ kan má gboyè ní Àkùngbá láìgbọ́ èdè ilẹ̀ òkèèrè kan yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì; kí àwọn olùkọ́ máa fi íntánẹ́ẹ̀tì da àwọn ọmọ wa pọ̀ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ mìíràn lórí iṣẹ́ kan náà; kí ẹ̀yin olóyè sì yọ nínú owó ayẹyẹ, kí ẹ fi ra ìwé kún ilé ìkàwé ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà.

Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ilé wa bá ṣófo, kí ni ọmọ wa yóò fi ṣe ẹ̀ṣọ́ lójú ayé?