Ta Ni Yóò Bá Tálákà Rojọ́ ní Accra?

Ní Accra, kì í ṣe ìròyìn mọ́ kí onílé ní kí ẹni tó fẹ́ gba yàrá kan ṣoṣo san owó ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ òfin ilé gbígbé tí wọ́n ṣe ní Gánà lọ́dún 1963 ní onílé kò gbọdọ̀ béèrè ju owó oṣù mẹ́fà lọ ṣáájú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ayálégbé mélòó ló fẹ́ fẹjọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá kan sùn?

Ti opó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín àwọn Akan, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òkú lóbìnrin ló sábà máa ń jogún láyé àtijọ́, kì í ṣe ọmọ tó bí. Òfin ogún ọdún 1985, tí wọ́n ń pè ní PNDCL 111, yí i padà: bí ọkùnrin bá kú láì ṣe ìwé ìpíngún, tó sì jẹ́ ilé kan ṣoṣo ló fowó ara rẹ̀ ní, ìyàwó àti ọmọ ló ni ín. Ẹbí tó bá lé wọn síta kí wọ́n tó pín ogún ti rú òfin. Síbẹ̀, òfin kì í rìn lọ sí kóòtù fúnra rẹ̀.

Òfin fún ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò ju iye tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí lọ ní ẹ̀tọ́ sí lọ́yà ọ̀fẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, ogún àti ìtọ́jú ọmọ. Legal Aid Commission, tí wọ́n fi òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 2018, ló ń mójú tó o. Ẹ má ṣe tijú béèrè. Kì í ṣe sàráà.

Àmọ́ níbo ni lọ́yà ti ń wá? Ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò tó wà ní Makola, lórúkọ kan náà pẹ̀lú ọjà ńlá yẹn, ti wà láti 1958. Lọ́dún 2019, nínú ènìyàn 1,820 tó ṣe ìdánwò àtiwọlé, 128 péré ló yege. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ aṣọ pupa jáde ní oṣù kẹwàá, ọlọ́pàá sì fi omi tú wọn ká. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà ní àwọn kò fẹ́ lọ́yà yẹpẹrẹ. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí lọ́yà kankan kò lè ṣa èyí tó dáa.

Ìlàjà ń gba díẹ̀ lára ẹrù náà. Látìgbà tí òfin ọdún 2010 ti jáde, adájọ́ lè ní kí àwọn tó ń ṣẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ olùlàjà. Ohun tí wọ́n bá fọwọ́ sí níbẹ̀ de gbogbo wọn. Ìṣòro kan wà: opó tó jókòó síwájú àwọn àgbà ẹbí ọkọ rẹ̀ lè gbà nítorí ojútì. Kò pọn dandan. Bó bá ní òun kò gbà, ẹjọ́ rẹ̀ yóò padà síwájú adájọ́.