Ẹni Tó Mọ Iṣẹ́ Mi, Ẹni Tó Mọ Bàbá Mi

Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ni í bá àgbà jẹun. Àwọn àgbà kò sọ pé ọmọ tí bàbá rẹ̀ mọ alásè ni. Síbẹ̀, bí a bá dárúkọ ọmọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ kan tó ti di dókítà, tó fẹ́ lọ ṣe residency, ìyẹn ẹ̀kọ́ṣẹ́ dókítà àgbà ní ọsibítù, ní Amẹ́ríkà, ohun tí ẹbí máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ta ló mọ̀ níbẹ̀?" Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, nítorí ènìyàn laṣọ. Ibi tó kù sí ni pé kò sẹ́ni tó ń bèèrè ohun tí onítọ̀hún mọ̀ nípa ọmọ náà.

Láti 1952 ni Amẹ́ríkà ti ń lo ètò tí wọ́n ń pè ní Match, nítorí àwọn ọsibítù ti ń sáré dì mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kó tó jáde, tí wọn kì í jẹ́ kó rò ó dáadáa. Dókítà á to orúkọ ọsibítù tó wù ú, ọsibítù á to orúkọ ẹni tó wù ú, kọ̀ǹpútà á wá pín wọn. Kọ̀ǹpútà kò mọ ọmọ olóyè. Síbẹ̀, ní 2024, nínú 100 ọmọ tó ń jáde nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn (MD) ní Amẹ́ríkà, ó lé ní 93 tó rí àyè. Nínú 100 àjèjì tó kàwé níta, ó lé díẹ̀ ní 58. Ọ̀rọ̀ físà wà níbẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn kò pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, orúkọ rẹ̀ kì í dé iwájú kọ̀ǹpútà rárá, ibi ìpè yẹn gan-an sì ni mímọ ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Àwọn kan ní kí máàkì nìkan máa sọ̀rọ̀. N kò gbà. Àkọ́kọ́, láti January 2022, USMLE Step 1, ìdánwò ìṣègùn ti Amẹ́ríkà, kò fúnni ní máàkì mọ́, àfi "ó yege" tàbí "kò yege"; ohun tí àjèjì fi ń fara hàn ti dín kù. Èkejì, máàkì kò lè sọ bóyá ọmọ náà máa ń dìde bí nọ́ọ̀sì bá pè é lóru. Ẹni tó bá a dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì ló lè jẹ́rìí.

Ìdí nìyẹn tí CREST ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé tó ń jẹ́rìí pé dókítà ti tó bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀kọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀, fi wù mí. Kọnsọ́táǹtì tó bójú tó iṣẹ́ dókítà fún ó kéré tán oṣù 3 láìdáwọ́ dúró ló ń fọwọ́ sí i, ohun kan tẹ̀lé òmíràn: ṣé ó mọ bí a ṣe ń gbọ́ ìtàn àìsàn lẹ́nu aláìsàn, ṣé ó mọ ìgbà tó yẹ kó pe ọ̀gá? Kọnsọ́táǹtì Ṣàgámù lè fọwọ́ sí i bí ti Lọ́ńdọ́nù. Ṣùgbọ́n bí bàbá kan bá gbé àpò ìrẹsì lọ bá ẹni tí kò rí ọmọ náà lẹ́nu iṣẹ́ rí, tí ìyẹn sì fọwọ́ sí i, olè ni wọ́n jà. Wọ́n ja aláìsàn lólè, wọ́n sì ja ọmọ ẹlòmíràn tó ṣiṣẹ́ òru lólè.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá West African Medical Staff, ẹgbẹ́ dókítà ìjọba amúnisìn, sílẹ̀ ní 1902, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ dókítà aláwọ̀ dúdú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Edinburgh ló ti gbàwé. Ó dùn wá, ó sì yẹ kó dùn wá. Síbẹ̀ lónìí, nílé wa níbí, ọmọ wa tó kàwé ní Ukraine tàbí Sudan a padà dé, a yege ìdánwò MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, a sì tún bá "ta ló rán ọ wá?" lẹ́nu ọ̀nà. MDCN ti gba pípín àyè housemanship, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí dókítà tuntun ń ṣe, sọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ti residency ṣì wà lọ́wọ́ ọsibítù kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin dókítà wa ní ANPA àti MANSAG, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Nàìjíríà ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má fi ojúlùmọ̀ yín fa ọmọ kan ṣoṣo wọlé lẹ́yìn ilé. Ẹ kọ́ gbogbo ẹni tó bá wá ní bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín ṣiṣẹ́ kí ẹ tó kọ lẹ́tà. Kí ọsibítù ilé náà lẹ orúkọ àwọn tó wá, máàkì wọn àti àwọn tí wọ́n mú mọ́ ògiri, kí ẹni tí kò rọ́wọ́ mú lè mọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó, kó sì padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.