Igbó Ẹdẹ: Iye hẹ́kítà nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀

Bí ìjọba bá fẹ́ sọ bí igbó kan ṣe tó, iye hẹ́kítà ni wọ́n máa ń kà fún aráàlú. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ìdajì tó kù, tó yẹ kí àwọn tó ń pín ilẹ̀ ní Ẹdẹ fi ọkàn sí, ni bí igbó náà ṣe rí: ṣé ó ṣù jọ sójú kan ni, àbí ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀nà oko?

Ẹni tó bá ń gún iyán mọ̀ pé iyán tó wà lódidi máa ń gbóná nínú pẹ́. Bí a bá gé e sí òkèlè wẹ́wẹ́, kíá ló ń tutù, bẹ́ẹ̀ iyán náà kò dín. Bí igbó ṣe rí nìyẹn. Etí rẹ̀ ni oòrùn àti afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, etí ni ewé Akíntọ́lá ti ń gbilẹ̀, etí náà ni iná tí wọ́n fi ń sun oko ti ń ràn án. Àwọn ẹyẹ àti ẹranko tó fẹ́ òjìji àti ọ̀rinrin, inú lọ́hùn-ún ni wọ́n ń sá sí.

Àpẹẹrẹ kò jìnnà. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO fi sára ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, jẹ́ hẹ́kítà 75. Wọ́n tún ya hẹ́kítà 47 sọ́tọ̀ yí i ká láti dáàbò bo etí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi hẹ́kítà 75 ṣe ìṣirò. Bí igbó tó tó bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ onígun mẹ́rin ọgbọọgba, okùn tí yóò yí i ká kò ní ju kìlómítà 3 àbọ̀ lọ. Bí ó bá fẹ̀ ní mítà 100 péré, tó wá gùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, okùn náà yóò lé ní kìlómítà 15. Ká ní oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń wọlé dé mítà 50. Igbó àkọ́kọ́ ṣì ní hẹ́kítà bíi 59 tó jẹ́ inú igbó gidi. Ti èkejì kò ku nǹkan kan. Etí ni gbogbo rẹ̀. Hẹ́kítà kan náà o!

Igbó tẹ́ẹ́rẹ́ etí odò kì í ṣe aláìwúlò, ó ń di ilẹ̀ mú kí àgbàrá má baà wọ́ ọ lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má kà á mọ́ odidi igbó. Bákan náà, ọ̀nà tí wọ́n là gba àárín igbó lè jẹ hẹ́kítà díẹ̀ lórí ìwé, àmọ́ etí tuntun méjì ló dá sílẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ní kí àgbẹ̀ má dáko tàbí kí ìlú má fẹ̀. Ohun tó yẹ ni pé kí ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn baálé tó ní ilẹ̀ wọn fífẹ̀ igbó àti okùn etí rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ sí pípín in. Bí ó bá di dandan láti gé, kí wọ́n gé e létí, kí wọ́n má la àárín rẹ̀. Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.